Àwòrán Ọ̀run àti Àwòrán Etí Ìyá Rẹ

Ọmọ mi àtàtà,

Alága Ẹgbẹ́ Ìdàgbàsókè ìlú wa ló kéde rẹ̀ ní gbọ̀ngàn ìpàdé ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ṣáájú èyí tó kọjá yìí, tó sì ní kí gbogbo wa dìde dúró kí òun tó sọ ọ́, pé láti ìgbà tí aláyé ti dáyé, kò tíì sí ọmọ tí obìnrin bí tó fi ojú kan àárín gbùngbùn ọ̀run, àfi ọmọ ìlú yìí nìkan ṣoṣo, àti pé láti ọjọ́ náà lọ, bí wọ́n bá ń ka àwọn ìlú tó lórúkọ láyé, tiwa ni wọn yóò kọ́kọ́ pè kí wọ́n tó mí. A dìde. Ó sọ ọ́. A jókòó. Àga tèmi ló pariwo jù, nítorí pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ti yẹ̀ láti ìgbà tí mo ṣì ń kọ́ni, Alága sì rò pé ìyìn ni, ó tẹrí ba fún mi.

Mo mọ̀ pé ìkíni ló yẹ kó ṣáájú. Èmi tí mo fi ọdún mẹ́rìndínlógójì bá ọmọ ọlọ́mọ wí pé wọn kò kí ẹni tí wọ́n ń kọ̀wé sí kí wọ́n tó máa rojọ́, èmi náà ni mo wá ń ṣe bẹ́ẹ̀ yìí. Ó rẹ̀ mí ni, ọmọ mi. Ẹni tó ti ọ̀nà jíjìn dé a máa kọ́kọ́ sọ ẹrù kalẹ̀ ná kó tó kí ará ilé. Ó dára, mo ti sọ ọ́. Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ara le? Ṣé àwọn tí ẹ jọ ń ṣiṣẹ́ kò fojú di ọ́? Ilẹ̀ tí o tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀. Ohun tí o ń wá lókè kò ní jẹ́ kí o kọsẹ̀ nílẹ̀. Etí tí o fi ń jẹun kò ní dí. Bí o ṣe ń tẹ́tí sí ohun tó jìnnà, ohun tó sún mọ́ ọ kò ní lọ mọ́ ọ lọ́wọ́. Àmín. Ìyá rẹ náà ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka àdúrà náà sí i ní etí ọ̀tún kó tó mọ ibi tí àmín wà.

Lẹ́tà rẹ dé. Òǹtẹ̀ ara rẹ̀ fi hàn pé ọjọ́ mẹ́tàlélógún ló fi rìn. Mo bá akọ̀wé ilé ìfìwéránṣẹ́ wí, mo ní ṣé ẹ̀yìn ìgbín ni wọ́n gbé e lé ni. Àmọ́ nígbà tí mo ṣí i tí mo kà á níbẹ̀ pé ìròyìn tí ẹ̀yin ń gbà láti àárín ọ̀run ti lo ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ọdún lójú ọ̀nà kó tó dé ọ̀dọ̀ yín, mo padà lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ọkùnrin náà. Ó ní òun gbà, ó ní kí n rántí kọ ọ́ sílẹ̀ kí òun lè fi han àwọn ọ̀gá òun.

Kí n sọ òótọ́ fún ọ nípa iṣẹ́ rẹ yìí. Nígbà tí o kọ́kọ́ sọ fún wa pé rédíò lo ń fi ṣiṣẹ́, odidi ọdún kan ni ìyá rẹ fi jókòó ti ìròyìn òwúrọ̀ àti ti ọ̀sán, ó ń dúró kí wọ́n dárúkọ rẹ. Aránṣọ tó wà ní òdìkejì ilé wa ní bóyá ìwọ lo ń ka ojú ọjọ́, pé obìnrin tó ń ka ojú ọjọ́ máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí imú rẹ̀ dí, imú tìrẹ náà sì máa ń dí ní kékeré. Lẹ́yìn náà lo wá là á yé wa pé ẹ kì í sọ̀rọ̀ nínú rédíò tiyín rárá, gbígbọ́ ni ẹ ń gbọ́. Nígbà ayé tiwa, ẹni tó bá ń gbọ́ rédíò tí kò sọ̀rọ̀, olùgbọ́ là ń pè é, kò sì sẹ́ni tó ń sanwó oṣù fún un. Ayé ti dára fún àwọn ọmọ ìsinsìnyí.

Èyí tí kò dára níbẹ̀ ni ti fóònù. Ní ìlú ńlá tí o wà tẹ́lẹ̀, kò sí ọjọ́ Àìkú tí a kì í gbóhùn rẹ. Láti oṣù márùn-ún tí wọ́n ti gbé yín lọ sí pápá gbígbẹ yẹn, fóònù di èèwọ̀, nítorí pé etí ẹ̀rọ yín mú tó bẹ́ẹ̀ tí fóònù kan ṣoṣo fi lè da gbogbo ọ̀run rú mọ́ yín lọ́wọ́. Mo gbà. Nínú kíláàsì mi náà, ọmọ kan ṣoṣo tó bá ń fa bébà ya ti tó láti ba ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan jẹ́. Ṣùgbọ́n èmi kò dẹ́kun pípè. Obìnrin kan ló máa ń gbé fóònù rẹ. Ọmọlúàbí ni. Bí mo pè é lówùúrọ̀, bí mo pè é lọ́sàn-án, ohùn rẹ̀ kì í yí padà, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ ló máa ń sọ fún mi pé o kò sí ní àrọ́wọ́tó. Mo ti rán an níṣẹ́ sí ọ nígbà mẹ́rìnlá. Bó bá jíṣẹ́ kankan, o ò sọ ọ́ nínú lẹ́tà rẹ. Má bínú sí i ṣá o, kò jọ pé wọ́n ń fún un ní ìsinmi.

Ìyá rẹ ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀. O kọ ọ́ pé àwo mẹ́rìnlélọ́gọ́ta ni ẹ tò sí pápá tí gbogbo wọn kọjú sókè, àti pé ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń mú oúnjẹ gbóná pàápàá kò gbọdọ̀ débẹ̀, nítorí ariwo tó ń pa sí ẹ̀rọ yín létí. Mo kà á fún un. Ó ní kí n tún un kà. Ó wá bi mí pé ṣé àwo mẹ́rìnlélọ́gọ́ta náà ni kò sí oúnjẹ gbígbóná nínú ọ̀kan ṣoṣo. Mo ṣàlàyé fún un pé àwo náà tóbi tó ilé, pé kì í ṣe àwo oúnjẹ, pé ohùn ọ̀run ni wọ́n fi ń gbe bí ìgbà tí èèyàn bá fi igbá gbe òjò. Ó ní bí àwo bá tóbi tó ilé tí kò sí oúnjẹ nínú rẹ̀, ebi ibẹ̀ náà á tóbi tó ilé. Èmi tí mo kọ́ni ní ìṣirò, mo ṣírò rẹ̀ wò, ó sì tọ̀nà.

Ní ti gáàsì, ìdààmú ti bá mi díẹ̀. Lẹ́tà rẹ sọ pé gáàsì wà ní àárín ọ̀run yìí lọ́pọ̀ yanturu, pé ó gbóná ju ààrò lọ, pé àwọn kan ń yípo bí omi ilé ìwẹ̀ kó tó wọ ihò, àti pé àwọn kan gùn gbọọrọ bí òwú. Kò sí ibi kankan nínú lẹ́tà náà tí o ti mẹ́nu ba sìlíńdà. Gáàsì gbígbóná, ní gbangba, láìsí ọmọrí! Mo bi onígáàsì tó wà ní ọ̀nà ilé ìwé, ó ní kí n kìlọ̀ fún ọ pé ẹnikẹ́ni nínú yín kò gbọdọ̀ ṣáná, kí ẹ sì ṣí fèrèsé. Ọkùnrin náà ò sì láyọ̀ mọ́. Alága ti sọ fún un pé gáàsì tí ọmọ wa rí yìí yóò tó ìlú yìí lò títí ayé. Ó bi Alága pé ṣé ti ìdáná ni àbí ti àwọn tó ń jó irin. Alága ní méjèèjì. Láti ọjọ́ náà kò ra ọjà tuntun mọ́, ó ní òun kò lè fi ọwọ́ ara òun ra àdánù, gbogbo àdúgbò sì padà sídìí igi, a ń fẹ́ná, a ń wúkọ́, a ń kí ọ kú oríire.

Kòtò dúdú tí o ní ó wà láàárín gbogbo rẹ̀, tí ohunkóhun tó bá já sí i kì í jáde mọ́, èmi kò fẹ́ràn rẹ̀ rárá. Ìgbìmọ̀ ìlú wa níbí, ọ̀lẹ ni wọ́n, ṣùgbọ́n wọ́n fi pákó bo kòtò ẹ̀gbẹ́ ilé ìwé. Àwọn ọ̀gá yín tí wọ́n ní owó àwo mẹ́rìnlélọ́gọ́ta, ṣé pákó ni wọn ò rí ni?

Wàyí o, ọ̀rọ̀ tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí. Mo ti ń lọ́ra láti débẹ̀.

O rántí pé etí òsì ìyá rẹ ti ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí o tó lọ. Ó ti fi í sílẹ̀ pátápátá. Ti ọ̀tún ló kù, òun náà sì ń fi ẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. Ilé ìwòsàn etí ya fọ́tò inú rẹ̀ fún wa, wọ́n fi í sínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n ní ká gbé e wá ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e kí dókítà lè wò ó. Ọ̀sẹ̀ kan náà ni lẹ́tà rẹ dé, àwòrán àárín ọ̀run sì wà nínú rẹ̀, nínú àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀. O ní dúdú àti funfun lo fi ránṣẹ́ nítorí pé àwọn àwọ̀ mèremère tó máa ń wà nínú ìwé ìròyìn, ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín kùn ún. Mo yìn ọ́ fún òótọ́ yẹn, ṣùgbọ́n òótọ́ yẹn ló kó bá wa. Fọ́tò etí náà, dúdú àti funfun ni. Mo to àwọn àpòòwé méjèèjì sórí tábìlì lábẹ́ aago, ọ̀kan lórí èkejì, bí mo ṣe máa ń to ìwé ìdánwò.

Alága wá sílé ní ọjọ́ Ẹtì. Ó jókòó, ó gbé ẹsẹ̀ lé ẹsẹ̀, ó ní ìlú ti pinnu láti gbé àwòrán ọ̀run kọ́ sí gbọ̀ngàn. Mo bi í pé ìgbà wo ni ìlú pàdé. Ó ní òun ti pàdé. O kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé fọ́nrán gáàsì lẹ rí, èyí ló sì gbé e lọ́kàn jù, nítorí ó rò pé fọ́nrán tí wọ́n ń fi sínú ẹ̀rọ ni, ó ní ká mú un wá ká jọ wò ó, kí àwọn ọmọdé jókòó síwájú. Mo tú òwú kan lára aṣọ mi, mo gbé e síwájú rẹ̀, mo ní fọ́nrán rèé, irú rẹ̀ ló ń sọ. Ó wo òwú náà títí. Ó ní kò burú, òun yóò mú àwòrán nìkan. Mo nawọ́ àpòòwé òkè sí i. Mi ò ṣí i. Awò ojú mi wà ní yàrá, ó sì rẹ̀ mí láti dìde.

Báyìí la ṣe dé gbọ̀ngàn ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Wọ́n ti fi dígí bo àwòrán náà, wọ́n ti fi igi yí i ká, wọ́n ti kàn án mọ́ ògiri. Alága mú ọ̀pá lọ́wọ́. Ó ní ká wo ọ̀nà tóóró tí ìràwọ̀ ń gbà wọlé. Ó ní ká wo àwọn nǹkan kéékèèké mẹ́ta kan tó dà bí egungun, ó ní ìlú àwọn ẹ̀dá mìíràn ni ó ṣeé ṣe kí wọ́n jẹ́. Ó ní ká wá wo ohun tó yí kóńkó bí ìkarahun ìgbín, ó ní ibẹ̀ gan-an ni gáàsì ti ń yípo kí kòtò dúdú tó gbé e mì. Mo jókòó sẹ́yìn láìsí awò lójú, mo ń mi orí, nítorí pé o kọ ọ́ lóòótọ́ pé ó ń yípo. Ìyá rẹ ló wà níwájú, wọ́n fún un ní àga onítìmùtìmù. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́ fún un. Kò gbọ́ ọ̀kankan nínú ohun tí Alága wí, ṣùgbọ́n ó rí ọwọ́ tí wọ́n ń pa, ó dìde, ó kí wọn, ó sì yíjú padà, ó rọra wo àwòrán náà. Etí ara rẹ̀ ló ń wò, ọmọ mi. Ó ní ibi iṣẹ́ rẹ rẹwà.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, a wọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Akọ̀wé tó wà lójú fèrèsé nawọ́ fọ́ọ̀mù sí mi. Mo máa ń bọ̀wọ̀ fún fọ́ọ̀mù, mo sì dáhùn gbogbo ìbéèrè rẹ̀ ní gbólóhùn kíkún. Wọ́n ní ta ni wọn yóò kàn sí bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, mo kọ orúkọ rẹ. Wọ́n béèrè nọ́ńbà fóònù rẹ, mo kọ ọ́ pé òfin kò gbà á láyè. Wọ́n béèrè iṣẹ́ rẹ, mo kọ ọ́ pé ó ń tẹ́tí. Akọ̀wé náà kà á, ó wò mí lókè délẹ̀, ó sì fi ohùn jẹ́jẹ́ bi mí pé bàbá, ẹ má bínú, ṣé ẹ̀wọ̀n lọmọ yín wà ni. Mo ní rárá, ọ̀run ló ń bójú tó. Ó ní háà, ó ní òun bá wa kẹ́dùn, ó sì jẹ́ ká kọjá síwájú àwọn tó wà lórí ìlà.

Dókítà náà, obìnrin ni, kò tíì dàgbà tó ọ. Ó fa àwòrán yọ, ó gbé e síwájú iná. Ó dorí rẹ̀ kodò. Ó tún un gbé. Ó ní òun rí ohun kan tó ń tàn láàárín, òun sì rí àwọn fọ́nrán gígùn kan tó gba ibẹ̀ kọjá lóòró, pé láti ìgbà tí òun ti ń ṣiṣẹ́ etí, òun kò rí irú rẹ̀ nínú orí ènìyàn rí. Mo bi í pé ṣé ó lè pa á. Ó ní òun ò mọ̀, òun máa pe ọ̀gá òun. Ìgbà tó ń yí i padà kó fi sínú àpòòwé ló rí ohun tí o kọ sẹ́yìn rẹ̀, ó sì kà á sókè pé, Bàbá mi, Ìyá mi, ibi tí mò ń wò lójoojúmọ́ nìyí, mo ń rántí yín níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ìyá rẹ, tó jókòó, tó ń wo ẹnu wa bóyá a máa sọ ohun tó kàn án, ó sì nu ojú rẹ̀. Ó ní ká padà lọ mú etí wá. Ó ní kó má pẹ́ ju Ọjọ́bọ̀ lọ.

Mo lọ bá Alága. Mo ṣàlàyé. Ó wo àwòrán ara ògiri, ó wo èmi, ó tún wo àwòrán. Ó ní ó ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ pé ọ̀run ni, ìpàdé sì ti fọwọ́ sí i, kò sí ẹni tó lè yí i padà sí etí títí di ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Mo ní ìyàwó mi ló ni ín. Ó ní tẹ́lẹ̀ ni, ó ti di ti gbogbo ìlú. Ó ní òun mọ̀ pé àgbà tíṣà ni mí, ṣùgbọ́n kí n má jẹ́ kí ìlara ọmọ ara mi wọ̀ mí lára. Ọmọ mi, mo ti rí òpè tó ń ṣèpè fún ìwé, mo ti rí ọ̀mọ̀wé tí kò mọ nǹkan kan, agara wọn kì í dá mi mọ́. Àmọ́ ọjọ́ náà, mo jókòó sórí àtẹ̀gùn gbọ̀ngàn.

Ìyá tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀ ló gbà mí. Ó dúró kí Alága lọ jẹun ọ̀sán. Ó ní òun kò mọ ìwé àkọsílẹ̀, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá ti ní eruku lára, òun láṣẹ láti gbé e kúrò lára ògiri. Ó fi ìka kan dígí náà, ó fi eruku hàn mí. Ó gbé e sọ̀, ó ṣí i, mo mú etí, mo fún un ní ọ̀run, ó fi í síbẹ̀, ó gbé e kọ́ padà. Di òní olónìí, kò sẹ́ni tó fura. Mo gbọ́ pé Alága tún mú àlejò lọ wò ó lánàá, ó sì fi ọ̀pá tọ́ka sí àwọn egungun mẹ́ta tí kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́bọ̀, dókítà wo èyí tó yẹ kó wò. Èmi náà wò ó, mo wọ awò ojú mi lọ́tẹ̀ yìí. Òótọ́ ni, ìkarahun ìgbín kan wà nínú etí ènìyàn, ó kéré ju ẹ̀wà lọ, ó yí kóńkó bí èyí tí o sọ nípa gáàsì rẹ. Ibẹ̀ ni gbogbo ohùn máa ń wọ̀ sí. Dókítà ní ti òsì ti kú. Ó ní bí a bá fi ti ọ̀tún sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, yóò dí kí ọdún yìí tó parí. Bí òun bá ṣe iṣẹ́ abẹ sí i, ó lè ṣí, ó sì lè pa dé lọ́jọ́ náà gan-an kó má ṣí mọ́, òun kò ní parọ́ fún wa. Ọjọ́ Ẹtì kẹta oṣù tó ń bọ̀ ló dá. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí bébà fún ìyá rẹ. Ó kà á. Ó ní kò burú. Ó ní ohun kan ṣoṣo ni òun fẹ́, pé kí wọ́n tó fi ọ̀bẹ kan etí òun, kí òun gbóhùn rẹ sí i. Kò ní kí o wá. Ó ní òun mọ̀ pé ọ̀nà jìn, iṣẹ́ sì ni iṣẹ́. Ohùn rẹ ló ní òun fẹ́.

Òní ni ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ku ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Yọ mẹ́tàlélógún kúrò fún ilé ìfìwéránṣẹ́, ó ku mẹ́jọ. Ìṣirò kò lẹ́tàn nínú. Nínú ọjọ́ mẹ́jọ náà, tọrọ àyè, jáde kúrò ní pápá yẹn lọ sí ibi tí fóònù kò ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀, kí o pè wá. Sọ fún àwọn ọ̀gá rẹ pé gáàsì tó ti dúró fún ẹgbẹ̀rún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ọdún lè dúró di ọjọ́ kejì. Bí wọ́n bá ní kò ṣeé ṣe, má bá wọn jà. Èmi náà ti jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba rí. Ìwọ fúnra rẹ lo kọ ọ́ pé ohun tí ẹ ń gbọ́ lónìí, ó ti ṣẹlẹ̀ tipẹ́, pé ó lè má sí bẹ́ẹ̀ mọ́ níbi tó ti wá. Mo rò ó títí. Mo rí i pé bẹ́ẹ̀ náà ni lẹ́tà. Kí o tó ka ibi tí mo ti ní ó rẹ̀ mí yìí, bóyá mo ti sinmi.

Nǹkan kan tún wà. O sọ fún wa nígbà kan pé híhó tí rédíò máa ń hó láàárín ilé iṣẹ́ kan sí èkejì, pé díẹ̀ nínú rẹ̀, láti ọ̀run ló ti ń wá. Láti ìgbà tí fóònù ti di èèwọ̀, ibẹ̀ ni ìyá rẹ ń yí rédíò sí. Lọ́sàn-án, tó bá ti fọ abọ́ tán, ó máa ń gbé àga sójú fèrèsé, ó máa ń gbé rédíò lé itan, ó máa ń fi etí ọ̀tún tì í. Ó ní òun ń gbọ́ ọ. Ó ní ṣíííí ni, bí ìgbà tí o bá ń sùn. Lánàá mo ṣí ẹ̀yìn rédíò náà kí n lè nù ún. Omi ti jáde lára bátìrì, ó ti gbẹ, ó ti funfun. Rédíò yẹn ti kú tipẹ́. Mo sì rántí pé dókítà sọ ọ́ fún mi ní Ọjọ́bọ̀, mi ò kàn kà á sí ni, pé etí tó bá ń lọ a máa hó fúnra rẹ̀. Mo dé ẹ̀yìn rédíò padà. Mo gbé e lé e lọ́wọ́.

Nítorí náà, ohun tí mo ń béèrè kò pọ̀. Bátìrì ńlá mẹ́rin, èyí tí kì í tètè jò, ti ìlú ńlá dára ju tiwa lọ. Bí owó díẹ̀ bá wà, fi tì í, owó ọkọ̀ ilé ìwòsàn ń lọ bí omi. Àwọn tó ní owó ló máa ń sọ pé owó kọ́ ni gbogbo nǹkan. Kọ lẹ́tà kan sí onígáàsì kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ kó tún máa ta ọjà. Má kọ nǹkan kan sí Alága.

Ọlọ́run tó fi ìkarahun kan sí etí ènìyàn, tó tún fi òmíràn sí àárín ọ̀run, kó má jẹ́ kí ọ̀kankan dí mọ́ wa. Ibi tí o bá kọjú sí, kó máa dá ọ lóhùn. Iṣẹ́ rẹ yóò lórúkọ, ìwọ náà yóò nílé. Bàbá rẹ ni mí, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń tẹ́tí.

Mo ti fẹ́ lẹ àpòòwé yìí pa, mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mejì pé lẹ́tà ló wà nínú rẹ̀, nígbà tí mo gbọ́ ohùn ìyá rẹ lójú fèrèsé. Ó ti fi ẹnu kan rédíò. Ohun tó máa ń bi í lójoojúmọ́ náà ló tún ń bi í, yóò béèrè tán, yóò yí etí ọ̀tún sí i, yóò dúró. Ó ní ṣé o ti jẹun?